Àródan àti Ọmọ Tí Ó Já A

Kò sí ohun tí ń jẹ́ àródan ní ayé yìí. Kò sí ní ọjà, kò sí ní àká, bẹ́ẹ̀ ni kò sí baba ńlá ẹni tí ó rí i rí. Síbẹ̀, àìmọye ọmọ Yorùbá ni wọ́n ti rán lọ gbà á. Ìyá tí ọmọ ń yọ lẹ́nu, tàbí tí ó fẹ́ yọ́ lọ sí ọjà, yóò ní: "Sáré lọ bá mi gba àródan wá ní ilé kejì." Ìyá àgbà tí wọ́n rán ọmọ sí kò ní bèèrè ohunkóhun. Yóò ní, "Jókòó, ọkọ mi, ó ń bọ̀," yóò sì fún un ní ẹ̀pà díẹ̀. Ọmọ yóò jókòó títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Ẹ̀tàn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdánwò tún ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta yóò lọ láìwẹ̀yìn. Tí ó bá tó bí ọdún márùn-ún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá inú igbá ni wọn yóò bù ú sí tàbí inú apẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò lọ, tí yóò tètè padà, tí yóò sì wí pé: "Ìyá àgbà ní ó wúwo jù fún mi, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ wá gbé e." Ọmọ náà ti já a nìyẹn. Ó ti fi irọ́ dídùn san irọ́ dídùn, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Àgbàlagbà mélòó ni ó lè ṣe é bẹ́ẹ̀?

Kí wá ni èrè rẹ̀? Ní ilé mìíràn, ẹ̀rín àti oríkì ni. Ní ilé tí ó pọ̀ jù, ìfọ́tí ni: "Ọmọ yìí ti gbójú!" Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Àgbà dẹ tàkúté fún ọgbọ́n ọmọ, ọgbọ́n náà fo tàkúté, àgbà wá bínú. Ẹni tí ó sì bínú jù ni í sáábà pa á lówe pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bákan náà ni ó rí nídìí àlọ́ àpamọ̀. "Awẹ́ obì kan à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́, kí ni o?" Ahọ́n ni ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí ọmọ kan bá wí pé ọ̀rọ̀ ni, ariwo yóò ta pé ó kùnà. Ṣùgbọ́n ṣé arìnrìn-àjò méjì kò lè máa sọ ọ̀rọ̀ kan bọ̀ láti Ìbàdàn kí wọ́n dé Ọ̀yọ́ kí ó má tíì tán lẹ́nu wọn? Kò sí ẹni tí ó ní kí a yọ ahọ́n kúrò nínú àlọ́ náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó pa á kọ́kọ́ bi ọmọ pé, "Báwo ni o ṣe rí i?" Ọmọ tí ó há ìdáhùn àná sórí kò tíì ronú. Èyí tí ó wá ìdáhùn tuntun tí ó bá àlọ́ mu ni ó ronú.

Ìdánwò orí ti wà ní agbolé kí ilé ìwé tó dé. Ilé ìwé ni ó fi apá dán ọmọ wò: nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, ọmọ tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí ní láti gbé ọwọ́ gba orí kọjá kí ó kan etí kejì. Ní ìlú Paris, Alfred Binet àti Théodore Simon ti gbé ìdánwò òye fún àwọn ọmọdé jáde ní 1905. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, wọ́n fi gbólóhùn tí kò bọ́gbọ́n mu kún un, kí ọmọ tọ́ka sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Kí ni àródan fi yàtọ̀ sí èyí? Ìyàtọ̀ kan ni pé lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ tí ó rí ihò ibẹ̀ gba máàkì.

Ẹ̀nà ńkọ́? Nínú irú kan, "Mo fẹ́ lọ" yóò di "Mogo fẹ́gẹ́ lọgọ." Ọmọ tí kò tíì mọ A yàtọ̀ sí B ti gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, ó sì pa ohùn rẹ̀ mọ́ láìṣìnà. Ohun tí olùkọ́ ń làágùn lé lórí ní kíláàsì kìíní nìyẹn. Àwọn òbí tí wọ́n ka ẹ̀nà sí èdè àwọn ọmọ ìta, tí wọ́n sì fi pàṣán lé e kúrò lẹ́nu ọmọ, kò mọ ohun tí wọ́n ń lé.

Àwọn kan yóò ní ọmọ tí a bá gbà fún báyìí yóò di aláfojúdi. Àṣà fúnra rẹ̀ ti dá wọn lóhùn. Ìyá tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kì í bá ọmọ tí ó já àródan jà; yóò ṣẹ́jú sí i, yóò sì mú un wọ ẹgbẹ́. Tí ó bá di ọjọ́ mìíràn, òun ni yóò ní kí ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ lọ gba àródan. Ọmọ náà kò ní tú àṣírí. Òun gan-an ni yóò fẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà ìyá àgbà, tí yóò sì wí fún un pé: "Jókòó, ó ń bọ̀."