Splice nínú loop: ẹ má fi kọ́ ọmọ tuntun

Ta ni ò mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ́ Ṣómólú? Ká ní JavaScript lẹ fi ń yọ iṣẹ́ tó ti parí kúrò nínú array. Ìkejì àti ìkẹta ti parí. Loop dé orí ìkejì, splice yọ ọ́, ìkẹta sún wá sáyè rẹ̀, àmọ́ i ti fò kọjá. Wọ́n á tún ìkẹta tẹ̀: bébà ṣòfò, íǹkì ṣòfò. Kọ̀ǹpútà ò sì ní sọ nǹkan kan o!

Lójú tèmi, filter ló yẹ ká kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ tuntun. Ó ti wà nínú ìlànà JavaScript láti 2009. Èyí tí ẹ fẹ́ ló ń kó sínú array tuntun. Tó bá jẹ́ array yẹn gan-an lẹ fẹ́ gé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn: èyí tó bá sún, ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀.