Toyota Kò Ní Kí Á Má Tọ́jú Ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé Toyota kì í kú. Ẹni tó ra Corolla tòkúnbọ̀ á ní kì í mu epo jù, pé ẹ̀yà ara rẹ̀ wà káàkiri, àti pé kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tún ṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyìn yìí ti sọ ọ̀pọ̀ wa di aláìbìkítà.

Iṣẹ́ aṣọ híhun ni ìdílé Toyoda fi bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan. Ní ọdún 1924, Sakichi Toyoda parí ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tó máa ń dá iṣẹ́ dúró fúnra rẹ̀ bí òwú bá já, kí aṣọ má baà bàjẹ́. Kiichiro ọmọ rẹ̀ ló yà sídìí ọkọ̀ ṣíṣe; ọdún 1937 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Toyota sílẹ̀. Níbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó bá rí àṣìṣe láṣẹ láti fa okùn kí iṣẹ́ dúró. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà kò ga ju àṣìṣe lọ: ní 2009 àti 2010, wọ́n pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọkọ̀ padà nítorí pẹ́dà tí a fi ń tẹná, Akio Toyoda sì tọrọ àforíjì níwájú àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà.

Kí ló wá dé tí iná ìkìlọ̀ yóò tàn níwájú wa, tí a ó sì máa sáré lọ sí Ìbàdàn pé “Toyota ni, kò lè ṣe nǹkan kan”? Ẹ̀yà ọkọ̀ kún ọjà Ládípọ̀; a kì í rí ẹ̀mí rà níbẹ̀. Òwú ti já. Ẹ jẹ́ kí á dúró so ó.