Ariwo Kọ́ Ni Agbára

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Tokpota tí a ti dákẹ́ sí fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní bí a bá yọ àpótí asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ ṣe mọ́ ọkọ̀, tí a sì fi asẹ́ mìíràn tí ó rí ṣóńṣó bí òkòtó rọ́pò rẹ̀, ní gbangba lábẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ náà yóò di ẹṣin ogun. Àwọn tí kò ní owó asẹ́ tuntun kò tilẹ̀ ra ohunkóhun. Wọ́n kàn yọ èyí tí ó wà níbẹ̀, wọ́n jù ú sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì ti ń mí wàyí. Àwọn tí ó ra ọkọ̀ kékeré láti Yúróòpù ń ṣe é, àwọn zémidjan náà ń ṣe é sí alùpùpù wọn. Àwa ń sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀tàn ni, owó àwọn ọ̀dọ́ wa ni ó sì ń jẹ.

Kí a má baà máa jà láìmọ ohun tí a ń jà lé lórí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe. Epo nìkan kò lè jó. Kílò kan epo bẹntiróòlù ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́ kí ó tó lè jó tán. Èyí ni pé lítà epo kan ṣoṣo ń gba afẹ́fẹ́ tí ó tó nǹkan bíi lítà 9,000. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé afẹ́fẹ́ ṣe pàtàkì fún ẹ́ńjìnnì kò purọ́. Ibi tí irọ́ ti wọlé ni ibi tí ó ti sọ pé asẹ́ ni ọ̀tá afẹ́fẹ́.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń mú wá bá wa ni Mini Cooper S, irú èyí tí a ń ṣe ní ìlú Oxford títí di 2006. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.6 lọ, síbẹ̀ agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 163 nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde. Ohun tí ó fa èyí ni ẹ̀rọ kan tí bẹ́líìtì ń yí, tí ń fi tipátipá ki afẹ́fẹ́ bọ inú ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní compresseur. Ó yàtọ̀ sí tọ́bò, nítorí èéfín ni ó ń yí tọ́bò ní tirẹ̀. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun: láti 1860 ni àwọn ọmọ ìyá méjì tí ń jẹ́ Roots, ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa wá wí pé bí compresseur bá ń fa afẹ́fẹ́ tó báyìí, kí a ṣí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Ó dùn létí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkíní, ooru. Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná fúyẹ́ ju èyí tí ó tutù lọ. Bí asẹ́ bá ń mí ní iwọ̀n 60 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná, dípò 30 tí ó wà níta, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó wọlé ti sọnù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ compresseur rárá. Compresseur fúnra rẹ̀ yóò tún mú un gbóná sí i bí ó ti ń fún un pọ̀. Àpótí tí ilé iṣẹ́ ṣe, tí wọ́n ń pè ní ìdíwọ́, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Òun ni ògiri tí ó dúró láàárín asẹ́ àti ooru. Ẹni tí ó wó ògiri náà sanwó kí agbára ọkọ̀ rẹ̀ lè dínkù.

Èkejì, erùpẹ̀. Ọ̀nà ńlá lè ti gba ọ̀dà tàbí òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó wọ inú àdúgbò wa ṣì pupa. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé eruku aṣálẹ̀ bọ̀ láti àríwá, a máa ń fi ìka kọ orúkọ wa sórí tábìlì tí a nù ní òwúrọ̀. Iyanrìn inú eruku yẹn le ju irin ẹ́ńjìnnì lọ. Bí ó bá wọlé, a dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì tí ó yẹ kí ó máa dáàbò bo irin a sì wá máa lọ̀ ọ́ bí ọlọ ti ń lọ ata. Nínú compresseur, irin méjì ni ó ń yí pọ̀ láìfara kan ara wọn, àlàfo tí ó wà láàárín wọn sì kéré púpọ̀. Bí eruku bá ti họ ara wọn, afẹ́fẹ́ yóò máa jò padà sẹ́yìn, agbára tí a ń wá yóò sì lọ.

Ẹ lọ bá ìyá tí ń sẹ́ ògì lẹ́bàá ọjà Ouando. Ẹ sọ fún un pé asẹ́ ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ yá, kí ó sọ ọ́ nù, kí ó da ògì àti èèrí sínú ìkòkò kan náà. Yóò wò yín títí, yóò sì bi yín pé ta ni yóò jẹ ẹ́. Bí asẹ́ rẹ̀ bá dí, fífọ̀ ni ó ń fọ̀ ọ́; bí ó bá ya, a ra òmíràn. Kí ló dé tí ọgbọ́n tí ó wà nídìí ìkòkò ìyá wa kò fi lè dé ìdí ẹ́ńjìnnì wa?

Ẹ̀kẹta, kí ni a tilẹ̀ ń sáré lọ? Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Àjàṣẹ́, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, kì í ṣe asẹ́. Ìgbà tí ó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá nìkan ni ọ̀nà afẹ́fẹ́ ń ṣí tán. Asẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó mọ́ tó, ó sì ṣẹ́kù, fún ohun tí ẹ́ńjìnnì kékeré ń fẹ́ láàárín ìlú. Ohun tí ó yí padà nígbà tí a yọ àpótí ni ohùn, nítorí àpótí kan náà ni ó ń pa ariwo lẹ́nu mọ́. Ọ̀dọ́ gbọ́ tí ọkọ̀ ń bú bí kìnnìún, ó rò pé ó ti di kìnnìún. Àgbá òfìfo ni ó máa ń pariwo. Ariwo náà sì ń jí aláìsàn àti ọmọ tí ó ní ìdánwò ní òwúrọ̀.

Ẹ̀kẹrin, epo. Orúkọ tí a fún epo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kpayo, ti sọ̀rọ̀ tán: ohun tí kì í ṣe ojúlówó. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni owó rẹ̀ ti fò sókè níhìn-ín pẹ̀lú. A mọ ìdí tí òtòṣì fi ń rà á, a kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ó ní compresseur ń fẹ́ epo tí kì í tètè gbiná. Bí epo bá burú, a gbiná kí àkókò tó tó, ẹ́ńjìnnì a máa kàn gbọ̀ngbọ̀n, písítìnnì a sì fọ́. Ẹni tí ó ra asẹ́ olówó gọbọi tí ó tún ń rọ epo inú ìgò dà bí ẹni tí ó wọ agbádá tí kò wọ ṣòkòtò.

A mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gba alùpùpù lọ́wọ́ olówó, tí ó ń san án díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kí ó yọ asẹ́ rẹ̀, ó sì yọ ọ́. Kí ọyẹ́ kejì tó parí, alùpùpù ti ń yọ èéfín búlúù, ó ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi, nígbà tí ó yá ó kú. Gbèsè kò kú. Ó ń san owó ohun tí kò lè gùn mọ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin sì fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ́dún náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ asẹ́ kéré jù fún ìwé ẹgbẹ́ àṣà, ìdáhùn wa nìyẹn.

A kò sọ pé ilé iṣẹ́ kò lè ṣìnà, tàbí pé ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ọkọ̀. Àpótí mìíràn tí ó dé dáadáa, tí ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù láti iwájú ọkọ̀, tí asẹ́ inú rẹ̀ sì dára, lè ṣe àǹfààní díẹ̀. Àwọn tí ó mọ Mini náà dunjú a máa fi púlì tí ó kéré sí i yí compresseur kí ó lè yára, wọ́n sì máa ń tún ètò ẹ́ńjìnnì ṣe tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ ìmọ̀ nìyẹn, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kì í fi etí ṣe é. Ohun tí a lòdì sí ni àṣà yíyọ ohun tí a kò mọ ìdí rẹ̀ kúrò, kí a sì pe ìyọkúrò náà ní ìlọsíwájú.

Kì í ṣe pé ọwọ́ wa kò tó ẹ̀rọ. Ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín ni Àlùfáà Godfrey Nzamujo ti dá ibùdó Songhaï sílẹ̀ ní 1985, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tí a sì ti ń rọ irinṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ má fi ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó yọ ohun kan láìsọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ túmọ̀ ohun tí ẹ kọ́ ní èdè Faransé sí Yorùbá fún ọmọ iṣẹ́ tí ó jókòó sábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tí ẹ ń kọjá lójoojúmọ́. Ẹ̀yin onímọ́tò àti zémidjan, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ṣí àpótí náà, ẹ wo asẹ́. Bí ó bá ti dúdú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì dé àpótí padà.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wa mí, ṣùgbọ́n kí ó mí afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́.