Bí Ikú Bá Mú Ẹnìkan Nínú Ẹgbẹ́ Olórin

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Okokomaiko, tó gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ tààrà, tó sì sọdá ibodè Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu ni yóò já sí. Ìlú yẹn ni mo ti rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù sí ìbéèrè kan tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ olórin Ọ̀jọ́ àti Ìba ti máa rò, ìbáà ṣe àwọn tó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ orin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó: bí ikú bá mú ẹnìkan nínú ẹgbẹ́, ṣé àwọn tó kù lè ṣe orin tuntun, àbí kí wọ́n kó irinṣẹ́ wọn wọlé?

Ní 1968 ni Mélomé Clément dá ẹgbẹ́ T.P. Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou sílẹ̀. Wọ́n kọrin ní èdè Fọn, Mina, Faransé àti Yorùbá. Wọ́n mú ìlù Sakpata, òrìṣà tí àwa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀nná, àti ìlù sàtó, wọ́n sì fi gìtá bá wọn rìn. Sàtó kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ àwọn Ògù Àgbádárìgì. Ìlù ńlá tó ga tó ènìyàn ni, wọ́n sì máa ń lù ú níbi ètùtù ọdọọdún tí wọ́n fi ń rántí àwọn tó ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹgbẹ́ tó ń fi ìlù ìrántí òkú dá àwọn ènìyàn lára yá ní òde àríyá ti mọ̀ tipẹ́ pé ikú kì í pa ìlù lẹ́nu mọ́.

Ní 1981, onígìtá wọn, Bernard Zoundegnon tí wọ́n ń pè ní Papillon, kú. Ní 1982, Yehouessi Léopold, onílù wọn, tún tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ orin rí lè rò pé ikú akọrin nìkan ló ń tú ẹgbẹ́ ká. Kò rí bẹ́ẹ̀. Akọrin ni ojú tí ayé ń rí, onílù ni ẹsẹ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ń rìn. Onílù kan a máa yára díẹ̀ níbi tí ẹlòmíràn ti ń fà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni onígìtá ti ń mọ ìgbà tí yóò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ibẹ̀ náà ni akọrin ti ń mọ ìgbà tí yóò mí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ́ ìyẹn lára ara wọn, kò sí nínú ìwé kankan. Bí ẹlòmíràn bá wá jókòó sídìí ìlù, kódà kí ó mọ̀ ọ́n lù ju olóògbé lọ, gbogbo àwọn yòókù ló máa tún iṣẹ́ kọ́.

Ó sì pẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ tán. Ó ju ogún ọdún lọ tí Poly-Rythmo kò gbé àwo tuntun jáde, títí Cotonou Club fi dé ní 2011. Wọ́n tún àwọn orin àtijọ́ kan kọ sínú rẹ̀, akọrin Angélique Kidjo sì bá wọn kọ ọ̀kan. Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n ṣe yìí, nítorí orin àtijọ́ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ fi ń mọ ìṣe àwọn tó bá níbẹ̀. Mélomé fúnra rẹ̀ kú ní 2012. Àwọn tó kù kò dúró: ní 2016 wọ́n gbé àwo mìíràn, Madjafalao, jáde.

Ìdí wo ló fi ṣòro fún ẹgbẹ́ tiwa láti ṣe bẹ́ẹ̀? Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo la fi ń pe ẹgbẹ́ àpàlà, jùjú àti fújì. Ọ̀gá ló ń dá orin, òun ló ń lé e, iṣẹ́ elégbè ni láti gbè. Nígbà tí wọ́n pa Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, ní Abẹ́òkúta ní oṣù karùn-ún 1980, àwọn onílù rẹ̀ kò gbàgbé ìlù. Ẹni tó ń fún wọn ní ọ̀rọ̀ ni kò sí mọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ló sábà ń gba ipò bàbá. Haruna Ìṣọ̀lá kú ní 1983, ọmọ rẹ̀ Musiliu ló sì tún gbé àpàlà débi tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jó o, pẹ̀lú àwo Ṣóyòyò ní 2000. Mo fẹ́ràn àwo yẹn, àmọ́ ogún bàbá ni.

Egypt 80, ẹgbẹ́ Fẹlá Kuti, ló fi hàn pé ogún àti ẹgbẹ́ lè pàdé. Fẹlá kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1997, Ṣeun ọmọ rẹ̀ sì bọ́ síwájú ẹgbẹ́ ní ọmọ ọdún 14. Ọmọdé yẹn kò lè dá ẹgbẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ gbé. Lékan Animashaun, Baba Ani, tó ti ń bá Fẹlá ṣiṣẹ́ láti ìgbà Koola Lobitos, ẹgbẹ́ Fẹlá àtijọ́, ní àwọn ọdún 1960, wà níbẹ̀ tó ń tọ́ wọn sọ́nà. Ohun kan tún ràn wọ́n lọ́wọ́: bí Fẹlá bá ti gba orin kan sílẹ̀, kì í sábà kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Orin tuntun ti mọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà lára. Síbẹ̀, ọdún 11 kọjá kí Ṣeun àti Egypt 80 tó gbé Many Things jáde ní 2008.

Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú. Ní 1980 kan náà tí Àyìnlá kú, AC/DC, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, pàdánù akọrin wọn ní oṣù kejì, wọ́n sì gbé Back in Black jáde pẹ̀lú akọrin tuntun ní oṣù keje. Led Zeppelin, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì mìíràn, pàdánù onílù wọn ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì kéde kí ọdún tó parí pé àwọn kò ṣe mọ́. N kò dá èyíkéyìí lẹ́bi.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú ní láti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹbí olóògbé. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó dá orin ṣì wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú, àwọn àrólé rẹ̀ ló sì ń jẹ ẹ́. Bí ohùn rẹ̀ bá wà nínú fóònù ẹnìkan, tí ẹ sì fẹ́ fi í sínú orin tuntun, ẹ gba àṣẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sọ iye tí yóò máa kàn wọ́n. Ọjà Alábá wa níbí, níbi tí kásẹ́ẹ̀tì àti síídì ti máa ń gbà dé gbogbo Nàìjíríà nígbà kan rí, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ìyẹn nígbà náà kó tó ta orin.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ẹni tuntun, kí ẹ má sì ní kó máa lù bí òkú ti ń lù. Ẹ fún un ní orin kan tí olóògbé kò fọwọ́ kàn rí, kí ó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ pinnu bí ìlù rẹ̀ yóò ṣe máa lọ, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbẹ̀ tipẹ́ máa tẹ̀ lé e.