Ẹjọ́ Ẹni Tí Wọ́n Fẹ́ Lé Padà Sílé

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí èbúté ńlá tí ó wà ní Lẹ́kkí. Ẹrù ni àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ ń kó, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan láti Ajah dé Ẹ̀pẹ́ kò wo ẹrù. Ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni wọ́n ń wò.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ọkùnrin mẹ́rin gun ìtọ́kọ̀, irin tí ń darí ọkọ̀ ní abẹ́ ìdí rẹ̀, lára ọkọ̀ Ken Wave ní Èkó. Ọjọ́ 14 ni wọ́n lò lórí òkun. Oúnjẹ tán ní ọjọ́ kẹwàá. Omi iyọ̀ ni wọ́n ń mu títí tí ọlọ́pàá fi yọ wọ́n ní èbúté Vitória, ní orílẹ̀-èdè Brasil. Méjì nínú wọn ní kí a dá àwọn padà sílé. Méjì yòókù bèèrè ààbò.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé ẹsẹ̀ tí ó bá ti kan ilẹ̀ òyìnbó ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi ìwé àṣẹ wọlé tí ọjọ́ rẹ̀ sì kọjá yóò gba ìwé ìpè, yóò sì dé iwájú adájọ́ kí wọ́n tó lè lé e. Ó lè jiyàn ẹ̀sùn. Ó lè gba agbẹjọ́rò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba kì í sábà san owó rẹ̀. Ó lè bèèrè ààbò, bí kò bá tíì ju ọdún kan lọ tí ó dé. Bí ó bá ti lo ọdún 10 pẹ̀lú ìwà rere, tí lílọ rẹ̀ yóò sì kó ìyà tí ó kọjá àfẹnusọ bá aya, òbí tàbí ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ó lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sá fún ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, wọ́n lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ kò ní irú àǹfààní yìí. Òfin ibẹ̀ ní kí a lé e padà láìgbọ́ ẹjọ́, àfi bí ó bá sọ pé òun ń bẹ̀rù àtipadà sílé tàbí pé òun fẹ́ ààbò. Nígbà náà ni òṣìṣẹ́ kan yóò bi í léèrè. Bí ẹ̀rù náà bá ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, adájọ́ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ààbò yẹn nìkan. Inúnibíni nítorí ẹ̀yà, orílẹ̀-èdè abínibí, ẹ̀sìn, èrò ìṣèlú tàbí ẹgbẹ́ kan pàtó ni ààbò náà wà fún. Ìṣẹ́ àti omíyalé nìkan kò tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni ó ń lé ọ̀pọ̀ jáde nílé.

Níbí ni àwọn afinimọ̀nà ti ń ba ẹjọ́ jẹ́. Wọn a kọ́ ọmọ ní ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹni tí a bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ nínú ìbéèrè ààbò lè pàdánù ẹ̀tọ́ ìwọ̀lú ní Amẹ́ríkà títí láé. Òmíràn a gba tírà, a gbẹ́kẹ̀ lé e, a sì fọwọ́ sí ìwé tí kò kà. Tírà kì í rojọ́. Òtítọ́, ẹ̀rí àti agbẹjọ́rò ni í rojọ́.

Ó ṣe ni láàánú pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú lókè òkun a dá owó aṣọ ẹbí láìrojú, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìpè bá dé ilé ọ̀kan nínú wọn, òun nìkan ni yóò dá wá owó lọ́yà. Owó bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ máa dá. Ní Ajah àti Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí pẹ̀lú, kí àwọn òbí àti olórí mọ́sálásí la òfin yìí yé àwọn ọmọ, kí wọ́n tó yọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀. Ojú òkun kò ní ilé ẹjọ́.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn tí ń bẹ lójú ọ̀nà.