Òórùn Jíjó Nínú Ọkọ̀

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nínú gosíló láti Ìkọ̀tún sí Ìgàndò, a gbóòórùn ohun tó ń jó. A ní, "Ẹ jẹ́ ká délé ná." Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ọkọ̀. Kò pẹ́ tí èéfín fi bo iwájú wa. Ọpẹ́ ni pé gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ni mẹkáníìkì bá níbẹ̀. Ọ́ìlì ń kán sórí páìpù èéfín tó gbóná. Gásíkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún kò wọ́n; àìbìkítà wa ni ìbá wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí imú yín ràn yín lọ́wọ́. Bí ó bá ń run bíi rọ́bà, ẹ yẹ fáànù bẹ́líìtì wò. Bí ó bá ń run bí ike, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà. Ẹ má wà á mọ́, ẹ pe rewáyà.

Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ kó àwọn ọmọ jìnnà sí ọkọ̀. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ tó gbóná. Bí iná bá wà, ẹ má ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì gbàgà; afẹ́fẹ́ ni yóò ru ú sókè.

Ilé kì í sá lọ. Ẹ̀mí kò ní àrọ́pò.