Alternator Ńlá, Wáyà Tín-ín-rín

Ohùn rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ dé àdúgbò. Bọ́ọ̀sì alágbo ni, sípíkà mẹ́rin tó la ẹnu bíi fèrè wà lórí rẹ̀, ó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí láti àárọ̀. Lọ́sàn-án, ohùn náà mọ́ gaara. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, tí awakọ̀ tan iná iwájú, tí ọkọ̀ sì há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, iná iwájú á sì máa ṣẹ́jú bí ẹni pé òun ló ń jó sí orin náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bátìrì ti kú. Ọ̀dọ̀ rìwáyà ló kàn, ohun tí awakọ̀ á sì sọ kì í yí padà: "Bọ̀dá, ẹ bá mi wá alternator tó lágbára."

Kò burú láti béèrè bẹ́ẹ̀. Alternator ni ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, òun ló ń bọ́ gbogbo ohun tó ń jẹ iná nínú ọkọ̀, tó tún ń dá iná padà sínú bátìrì. Dáínámò ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, kí Chrysler tó fi alternator sínú Valiant lọ́dún 1960, tí àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Ti 80 sí 100 áńpù ló sábà máa ń bá ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kékeré wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní alágbára lè tó 200, òmíràn ń lé ní 300. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré ni iye tí wọ́n kọ sí i lára ń jáde. Tí ọkọ̀ bá dúró lójú kan, ìlàjì rẹ̀ ni, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀sì alágbo fi ń ṣàárẹ̀ nínú gosiló, tí ara rẹ̀ á yá gágá tó bá ti bọ́ sójú títì.

Torí náà, ọ̀pọ̀ á gba Ládípọ̀ ní Muṣin lọ, tàbí Ararọ̀mí ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, wọ́n á sì fi owó gidi gbé alternator tó wúwo bọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ kò ju ibi tí rìwáyà bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ.

"Ọ̀gá, wáyà tó wà nílẹ̀ yìí ò ní lè gbé e o. Ẹ jẹ́ ká ra tuntun."

"Bọ̀dá rìwáyà, ẹ tún ti dé náà! Ṣebí èyí tó ń ṣiṣẹ́ látọjọ́ yìí nìyẹn? Ẹ ṣáà bá mi fi í so ó."

Rìwáyà ni gbogbo ayé máa ń bú tí ọkọ̀ bá jóná. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, onímọ́tò tó náwó sórí ẹ̀rọ tó wá ń ná wáyà bí ẹni ń ná ata ni ẹ̀bi tó pọ̀ jù wà lọ́rùn rẹ̀. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ kò le. Ká ní wáyà tí àwọn oníná ń pè ní 8mm, tó gùn ní mítà méjì, ló wà láàárín alternator àti bátìrì. Tó bá gbé 100 áńpù, ooru tó máa jáde lára rẹ̀ kò ju nǹkan bí 43 wáàtì lọ, ó ṣeé fara dà. Tí wọ́n bá wá gba 200 áńpù kọjá níbẹ̀, ooru náà kò ní di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa dà: ó lé ní 170 wáàtì. Gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì mẹ́ta nìyẹn, ó kù díẹ̀, tí wọ́n wé sínú rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí 0.9 fóòtì ló sì máa sọnù sójú ọ̀nà kí iná tó dé bátìrì. Wáyà 50mm á gbé 200 áńpù yẹn kan náà, ooru rẹ̀ kò sì ní tó 30 wáàtì.

Kó sì jẹ́ bàbà o. Wáyà kan wà lọ́jà tó ń dán bíi bàbà lójú, àmọ́ alumíníọ̀mù ló wà nínú. Tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ ha á, funfun á yọ. Iná tí alumíníọ̀mù ń gbé kò ju nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ti bàbà lọ, torí náà nínípọn rẹ̀ lásán kọ́ ni kí èèyàn wò.

Fíúsì tún wà níbẹ̀. Nínú àpótí fíúsì ọ̀pọ̀ Toyota, ẹyọ ńlá kan wà tí wọ́n kọ ALT sí, ti 100 tàbí 120 tàbí 140 áńpù. Alternator tuntun jó o lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún jó, wọ́n bá fi irun wáyà dì í, wọ́n ní àwọn ti bridge ẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tó dúró láàárín iná àti ọkọ̀ mọ́. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fi wáyà àti fíúsì àtilẹ̀wá sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n fa wáyà nínípọn mìíràn láti alternator lọ sí bátìrì, kó ní fíúsì tirẹ̀, kí fíúsì náà sì sún mọ́ bátìrì. Ìdí ni pé bátìrì lè pọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpù lẹ́ẹ̀kan tí wáyà náà bá bó tó sì kan bọ́dì. Ẹni tí sípánà bá já mọ́ lọ́wọ́ rí, tó dábùú orí bátìrì méjèèjì, kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ibi tí wọ́n ń gbójú fò jù ni wáyà ẹ́ẹ̀tì. Ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n de alternator mọ́, ẹ́ńjìnnì sì jókòó lórí ẹ́ńjìnnì síìtì, tí í ṣe rọ́bà. Iná kì í gba rọ́bà kọjá. Nínú ọkọ̀ mìíràn, okùn wáyà kan ṣoṣo tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ bọ́dì, èyí tí ìpẹtà ti ń jẹ láti ọdún mélòó kan, ló gbọ́dọ̀ dá gbogbo iná yẹn padà. Tí kò bá lè dá a padà, iná á wá ọ̀nà mìíràn, á gba kébù jíà tàbí kébù tọ́rótù. Ẹni tó fi alternator ńlá sí ọkọ̀ tí kò fọwọ́ kan ẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Wáyà nínípọn ló yẹ láti ẹ́ńjìnnì sí bọ́dì, òmíràn láti bọ́dì sí bátìrì, kí wọ́n sì ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi hàn kí wọ́n tó de nọ́ọ̀tì. Nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ka iná lórí nẹ́gétíìfù bátìrì, bọ́dì ni kí wọ́n so wáyà ẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́, kì í ṣe orí bátìrì fúnra rẹ̀.

Àṣà kan sì wà tó yẹ kó ti bá dáínámò lọ: kí ọkọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n yọ orí bátìrì láti mọ̀ bóyá alternator ń ṣáájì. Tí wọ́n bá yọ ọ́ nígbà tí iná pọ̀ ń wọ bátìrì, fóòtì lè fò sókè lójijì, kó sún mọ́ 100, àgàgà tí kò bá sí ohun tó ń kápá rẹ̀ nínú alternator. Brain box ọkọ̀ lè kú síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ju ti alternator lọ.

Agbára náà kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Kí 200 áńpù tó jáde, ẹ́ńjìnnì á lo nǹkan bí agbára ẹṣin mẹ́fà sí méje, epo ló sì ń san án. Bẹ́líìtì tó ti gbó á máa ké láràárọ̀.

Mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn iná ló yẹ kí alágbo kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rìwáyà. Kí ẹ́ńjìnnì wà lórí, kí iná iwájú àti sípíkà máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n wo bátìrì bóyá ó wà láàárín 13.8 sí 14.5 fóòtì. Kí wọ́n wá fi ẹnu mítà kan sí ibi tí iná ti ń jáde lára alternator, kí wọ́n fi èkejì sí pọ́sítíìfù bátìrì. Lẹ́yìn náà, láti ara alternator sí nẹ́gétíìfù. Tó bá ju 0.2 fóòtì lọ níbì kankan, wáyà tàbí ẹ́ẹ̀tì ló ń ṣàìsàn. Tí kò bá jù bẹ́ẹ̀, tí fóòtì bátìrì sì ń já wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí sípíkà bá ké, kó gba Ládípọ̀ lọ, kó sì yà níbi tí wọ́n ti ń ta wáyà kó tó dé ìsọ̀ alternator.